Orí Ẹ̀rọ Mẹ́ta Tí Bàbá Fi Sílẹ̀

Ọjọ́ Ajé, 13 oṣù kìíní, 2025

Ọyẹ́ mú débi pé ètè mi ti là. Àwọn obìnrin Ikpinlè fọwọ́ sí ìwé lónìí: ẹ̀rọ ìfún epo mẹ́jọ, kí gbogbo rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wọn ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kẹta, kí ẹyìn tó pọ́n tán lórí igi. Ìyá Àgbékẹ́, olórí wọn, kò jókòó sórí àga tí mo gbé fún un. Ó ní bí òun bá jókòó, orúnkún òun kò ní jẹ́ kí òun dìde mọ́. Ogójì ọdún ló ti fi ń fẹsẹ̀ tẹ ẹyìn nínú kòtò. Ó wò mí látòkè délẹ̀, ó ní, "Ọmọ Fábíyì, bàbá rẹ kì í yẹ àdéhùn. Ìwọ ńkọ́?" Mo ní èmi náà kì í yẹ̀ ẹ́. Láti kékeré ni ẹnu mi ti máa ń yá ju ọwọ́ mi lọ.

Pùrójẹ́, àjọ tó ń ràn wọ́n lọ́wọ́, ní kí gbogbo irin tí a máa lò wà nínú ọ̀dínátọ̀, ìyẹn kọ̀ǹpútà, kí àwọn lè máa wò ó láti Kútọnú ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì. Bí a bá pẹ́ ju ọjọ́ tí a dá lọ, ẹ̀rọ tó bá kù di ti àtẹlíyè alágbẹ̀dẹ mìíràn ní Àjàṣẹ́, àwọn obìnrin náà á sì tún fi ẹsẹ̀ tẹ ẹyìn ọdún yìí. Bí Bàbá bá wà láyé ni, ẹfun ni ì bá fi kọ "8" sára ilẹ̀kùn, iṣẹ́ á bẹ̀rẹ̀.

Òun ló ra káyè yìí, ìwé tí mò ń kọ ọ̀rọ̀ mi sí. Inú àpótí rẹ̀ ni mo ti bá a, kò tíì kọ nǹkan kan sínú rẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 16

Prisca tí pùrójẹ́ rán wá ti dé. Orí rẹ̀ pé, ṣùgbọ́n ewúrẹ́ ìyá mi ń lé e kiri ọgbà. Láti àárọ̀ la ti jókòó ti ọ̀dínátọ̀. Ó ní kí n ka ohun tó wà nínú ẹ̀rọ kan fún òun, títí dé búlọ́ọ̀nù tó kéré jù. Mo kà á: ẹsẹ̀ àti ọrùn, agbọ̀n onírin tó ní ihò, orí. Ó ní kí ló wà nínú orí. Mo ní ọ̀pá ìlọ́ kan, rúlúmáà méjì tí ọ̀pá ń yí nínú wọn, búlọ́ọ̀nù mẹ́fà tó ń dè wọ́n, àwo irin kan. Bí a ṣe kọ ọ́ tán, ọ̀dínátọ̀ pàṣẹ fún wa: ẹ kọ́kọ́ ṣe orí mẹ́jọ, ẹ kó wọn sórí pẹpẹ, lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá ẹ máa wá mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ẹ̀gbọ́n Ìdírísù, tó bá Bàbá ṣiṣẹ́ fún ọdún méjìlélógún, fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Ọmọ Ọ̀gá, sọ fún un pé orí kì í sùn lórí pẹpẹ. Lára ọrùn la ti ń tò ó."

Òótọ́ ni. Kò sí ọrùn méjì tó bára mu nínú àtẹlíyè wa. Orí tí a bá tò jọ nílẹ̀, tí a tọ́jú pamọ́, kò ní wọ ọrùn kankan. Bàbá máa ń sọ pé orúkọ la fún un kí a lè mọ ohun tí à ń bá ara wa sọ, pé bí èèyàn bá wá a lórí pẹpẹ, ẹni náà ò mọ iṣẹ́.

Prisca rẹ́rìn-ín. Ó tẹ àmì kékeré kan sínú àpótí kékeré kan lójú ọ̀dínátọ̀. "Bọ́n, Tàntí, *fantôme* ni wọ́n ń pe irú rẹ̀. Ó ní orúkọ, ó ní ohun tó wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n a kì í tò ó jọ sílẹ̀. Ọ̀dínátọ̀ á wò ó kọjá, á lọ bá rúlúmáà àti búlọ́ọ̀nù ní tààrà."

Ìdírísù bi í pé kí ni ọ̀rọ̀ Faransé yẹn túmọ̀ sí. Nígbà tó gbọ́ pé iwin ni, ó ní, "Aúsúbílááhì! Ẹ wá orúkọ mìíràn fún un jàre." A rẹ́rìn-ín títí, ewúrẹ́ sì jẹ ìwé Prisca.

Ọjọ́ Ẹtì, 17

Ọ̀dínátọ̀ ti gbọ́n. Kò pe orí mọ́. Ó ní ọ̀pá ìlọ́ 8, rúlúmáà 16, búlọ́ọ̀nù 48. Bàbá ì bá ti ka èyí lórí ìka, ṣùgbọ́n inú mi dùn. Prisca padà sí Kútọnú, ó ní ká kọ́kọ́ ka gbogbo ohun tó wà nílé kí a tó ra ohunkóhun.

Ìṣẹ́gun, 21

Ẹyọ tóòlù kan, irin pẹlẹbẹ tí a fi ń ṣe agbọ̀n, ti di 32 000 fáráǹkì. Ní oṣù kọkànlá, 28 500 ni. Mo bá ọlọ́jà náà jà, kò ràn mí lọ́wọ́.

Àbámẹ́ta, 25

Ọjọ́ kíka. Nínú àtẹlíyè yìí, bí a bá ń ka ohun tó wà nílé, ti ọ̀gá la máa ń kọ́kọ́ pè. Mi ò mọ ẹni tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Bàbá máa ń jókòó, á máa dáhùn bí ọmọ ilé-ìwé, "Òòlù, méjì. Ẹ̀mú, mẹ́rin," kí á tó kan ti àwa yòókù. Ìgbà tí a máa kọ́kọ́ kà láìsí i nìyí. Mo dúró pẹ̀lú káyè lọ́wọ́, mo pè, "Ti Ọ̀gá?"  

Ẹ̀gbọ́n Ìdírísù ló gbà mí sílẹ̀. "Òòlù, méjì. Ẹ̀mú, mẹ́rin. Orí, mẹ́ta."

Orí mẹ́ta tí Bàbá tò jọ kẹ́yìn ló ń sọ, èyí tó wà lẹ́sẹ̀ òkúta Ògún lábẹ́ màrìwò. Ohun tí alágbẹ̀dẹ ilé wa bá ṣe kẹ́yìn kó tó kú, ibẹ̀ là ń gbé e sí, a kì í fọwọ́ kàn án títí ọdún fi máa yí po. Ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ni ọdún rẹ̀ máa pé. Ìdírísù fúnra rẹ̀, tí kò fi ìrun kan ṣeré, ọ̀nà jíjìn ló máa ń gbà kọjá níbẹ̀.

Mo tẹ 3 síwájú orúkọ orí. Kí n má parọ́, ó dùn mọ́ mi pé ohun kan wà nínú ọ̀dínátọ̀ yẹn tó jẹ́ ti Bàbá.

Àìkú, 26

Kò sí iṣẹ́. Mo ṣí àtẹlíyè, mo kàn jókòó.

Nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún méje, iṣẹ́ mi ni kí n fi irin òòfà inú rédíò àtijọ́ kan ṣa èérún irin nílẹ̀. Bí Bàbá bá ti to orí sára ọrùn, á pè mí. Á gbé ọwọ́ mi lé ọrùn ẹ̀rọ, á wá máa yí ọ̀pá náà díẹ̀díẹ̀. "Fi àtẹ́lẹwọ́ gbọ́ ọ. Ṣé ó ń gbọ̀n?" Bí mo bá ní ó ń gbọ̀n, á tún mú límù tó fi ń rẹ́ irin. Bí mo bá ní ó ti dákẹ́, á ní ẹ gbé e jáde. Mi ò mọ̀ nígbà náà bóyá ọ̀rọ̀ mi ló ń tẹ̀ lé, àbí ó ti mọ̀ kó tó bi mí. Lẹ́yìn náà ló rán mi lọ sí ilé-ìwé ní Pọ́bẹ̀, lẹ́yìn náà Àjàṣẹ́. Ó ní kálámù ló yẹ ọwọ́ mi. Látìgbà yẹn mi ò fọwọ́ kan límù mọ́. Inú ń bí mi sí i nígbà mìíràn, àní báyìí tí kò sí mọ́.

Ọjọ́ Ajé, 27

Mo tẹ ìwé ohun tí a máa rà jáde: ọ̀pá ìlọ́ 5, rúlúmáà 10, búlọ́ọ̀nù 30. Ó kéré sí ti ọjọ́sí. Ohun tí a kà ní Àbámẹ́ta ló dín in kù, ìyẹn ni kíkà wà fún. Mo fi iye rẹ̀ ránṣẹ́ sí Fákẹ́yẹ tó máa ń gé ọ̀pá fún wa ní Àjàṣẹ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ló ní òun máa lò.

Ọjọ́bọ̀, 6 oṣù kejì

Iná kò sí láti ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ̀rọ amúnáwá gúrúpù wa ń mu epo kpayo bí ọ̀mùtí.

Ọjọ́ Ẹtì, 14

Mo gun ọ̀kadà zémì lọ sí Ikpinlè láti wo ibi tí wọn máa gbé ẹ̀rọ sí. Wọ́n ti kọ́ àtíbàbà, wọ́n ti rẹ́ ilẹ̀ rẹ̀ dán. Ìyá Àgbékẹ́ mú mi lọ wo kòtò wọn. Ó ní, "Wò ó dáadáa. Tí ẹ̀rọ bá dé, yàrá adìyẹ la máa fi ṣe." Ẹyìn ti ń pupa lórí ọ̀pẹ. Obìnrin kan tó lóyún ń bẹ nínú kòtò náà, epo dé ojúgun rẹ̀, ó ń kọrin.

Ọjọ́ Ajé, 24

Ọ̀pá dé láti Àjàṣẹ́. Ara ẹ̀rọ mẹ́jọ ti wà lórí ìlà, a ti fi iná jó wọn pọ̀ tán, ó ku orí. Ẹ̀gbọ́n Ìdírísù kó ọ̀pá kọ̀ọ̀kan síwájú ọrùn kọ̀ọ̀kan. Ó dé ìkarùn-ún, ó dúró.

"Ọmọ Ọ̀gá, mẹ́ta yòókù dà?"

Mo wo ìwé. Márùn-ún ló wà níbẹ̀. Mo wo ọrùn mẹ́jọ. 

Mo pe Fákẹ́yẹ. Ó ní bí òun bá fi ohun gbogbo sílẹ̀, ọjọ́ kejìlélógún oṣù kẹta ni òun lè fún mi ní mẹ́ta. A ó ti pẹ́ ọ̀sẹ̀ kan. Rúlúmáà àti búlọ́ọ̀nù, Pọ́bẹ̀ lásán ni, ọ̀pá ni wàhálà.

Ìṣẹ́gun, 25

Mo pe Prisca. Mo ti múra ìjà, mo ti kó gbogbo Faransé tí mo mọ̀ jọ. Ó ní, "Dakọ̀, Tàntí, ẹ ṣí orí nínú ọ̀dínátọ̀. Mélòó ló kọ pé ẹ ní nílẹ̀?"

Mẹ́ta.

"Ohun náà nìyẹn. *Fantôme* tí kò ní nǹkan nílẹ̀, ọ̀dínátọ̀ á wò ó kọjá. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá sọ pé ẹ ní díẹ̀ nínú rẹ̀, á kọ́kọ́ lo ìyẹn ná. Ó yọ mẹ́ta kúrò nínú mẹ́jọ, ó ra ohun èlò márùn-ún."

"Kí ló dé tí kò sọ fún mi?"

"Kì í kọ ọ́ sínú ìwé tó ń tẹ̀ jáde, àwa la ní kó wò ó kọjá." Ó tún ní, "Mé Tàntí, ṣé ẹ ò ní mẹ́ta náà ni?"

Mo wo màrìwò tó wà lẹ́sẹ̀ Ògún.  Mo ní iná fẹ́ lọ, mo pa fóònù.

Ẹ̀gbọ́n Ìdírísù ní òun ló fa á, òun lòun pè é. Mo ní èmi ni mo tẹ̀ ẹ́. A jọ jiyàn lórí ẹni tó jẹ̀bi títí ìyá mi fi ní ká wá jẹun. Ta ló máa ka ohun tó wà nínú àtẹlíyè Fábíyì kó fo ti Fábíyì?

Ọjọ́bọ̀, 27

Mo lọ sí Oko-Akarè, sọ́dọ̀ Bàbá Fádáre, àbúrò Bàbá mi, òun ni àgbà àwọn alágbẹ̀dẹ ilé wa tó kù. Òjò àkọ́rọ̀ bá mi lójú ọ̀nà. Zémì yọ̀, a ṣubú sínú oko gbágùúdá ẹlòmíràn, kò sẹ́ni tó fara pa.

Mo kúnlẹ̀, mo rò ó fún un. Mo ní mo mọ̀ pé ọdún kò tíì pé, pé ó ku oṣù kan àti díẹ̀, pé mi ò wá láti ba ohun ilé jẹ́, àmọ́ àwọn obìnrin náà wà nínú kòtò.

Ó ń fi ọ̀bẹ ha ìgbálẹ̀, kò gbójú sókè. "Ta ló sọ ọdún kan fún yín?"

"Bẹ́ẹ̀ la ṣe bá a, Bàbá."

"Ẹ bá a bẹ́ẹ̀ nítorí pé ọdún òkú nìkan làwọn ọmọ ń rántí wálé. Iṣẹ́ tí alágbẹ̀dẹ bá fi sílẹ̀, ọmọ rẹ̀ ló ń dúró dè. Ọjọ́ tí ọmọ bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ parí rẹ̀, ó parí. Ìwọ ti wà nílé. Lọ parí rẹ̀."

Mo ní Ẹ̀gbọ́n Ìdírísù máa bá mi ṣe é dáadáa.

Ìgbà náà ló wá wò mí. "Ṣé Ìdírísù ni Fábíyì bí? Kí ó fi ẹnu sọ ọ́. Ọwọ́ tìrẹ ni kó kan irin."

"Bàbá, mi ò mọ límù dì mú."

"Ìyábùnmi, àtàrí àjànàkú kì í ṣe ẹrù ọmọdé. Ṣé ọmọdé ni ọ́?"

Ọmọ ogójì ọdún ni mí. Ó fún mi ní obì méjì kí n gbé fún Ògún, àti iṣu mẹ́ta fún ìyá mi.

Àbámẹ́ta, 1 oṣù kẹta

Ààwẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lónìí. Ẹ̀gbọ́n Ìdírísù ní ó dára bẹ́ẹ̀, pé ẹni tó ń gbààwẹ̀ kò ní bú mi.

Mo gbé obì fún Ògún, mo ṣí màrìwò. Ìpẹtà ti mú búlọ́ọ̀nù, ṣùgbọ́n ọ̀pá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣì ń dán lábẹ́ gírísì tí Bàbá fi pa wọ́n. Mo bi Ìdírísù ní ohun tí mi ò tíì bi í rí: kí ló dé tí Bàbá, tó ń pariwo pé orí kì í sùn lórí pẹpẹ, fi to mẹ́ta jọ sílẹ̀?

Ó ní, "Kò lè dúró mọ́. O wà ní Àjàṣẹ́ nígbà yẹn, a ò sọ fún ọ bó ṣe tó. Orí àga ló wà. Kò lè dé ibi ọrùn, ó ní ká gbé orí fún òun nílẹ̀. Mo ní, 'Ọ̀gá, kò ní wọ ibì kankan.' Ó ní, 'Mo mọ̀. Gbé e fún mi.'"

Mo sunkún níṣojú gbogbo wọn. Kò sí ohun tí mo fẹ́ fi pamọ́.

Ojoojúmọ́, orí là ń gé bá ọrùn. Ti àwọn mẹ́ta yìí, ọrùn ni mo máa gé bá orí, torí a ò ní gé ohun tí ọwọ́ Bàbá ti parí.

Ìṣẹ́gun, 4

Mo ti ba ọrùn kan jẹ́. Mo rẹ́ ẹ jù, ó fẹ̀, orí ń jó nínú rẹ̀. Ìdírísù kò bú mi, ó kàn lọ ki ìrun, àsìkò ìrun kò sì tíì tó. Wọ́n tún ọrùn mìíràn jó fún mi. Àtẹ́lẹwọ́ mi ti bó, mi ò lè di ṣíbí mú.

Àbámẹ́ta, 8

Ó wọ̀! Agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Gbogbo àárọ̀ ni mo fi ń wo ihò ọrùn náà pẹ̀lú ojú, tí mò ń fi mítà wọ̀n ọ́n, ó sì ń gbọ̀n ṣáá. Ìdírísù ní, "Kí ni Ọ̀gá máa ń ní kí o ṣe?" Mo ju mítà sílẹ̀, mo gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ọrùn, mo ní kí wọ́n máa yí i. Mo gbọ́ ibi tó ti ń gbọ̀n, lápá òsì nísàlẹ̀, ibi tí ojú mi ò wò. Mo fi límù kàn án lẹ́ẹ̀mẹrin péré. Ó dákẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́, gẹ́gẹ́ bó ṣe ń dákẹ́ nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún méje.

Mo lọ sídìí ọ̀dínátọ̀, mo yọ ẹyọ kan kúrò nínú 3. Ó di 2.

Ọjọ́ Ajé, 10

Ìkejì wọ̀. 1.

Ìṣẹ́gun, 11

Òjò. Omi wọlé títí dé ìdí gúrúpù. Ìyá mi ní ọwọ́ mi ti dà bíi ti Bàbá. Ó wò ó pẹ́ kó tó fi í sílẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 13

Ìkẹta ló le jù. Bóyá òun ló ṣe kẹ́yìn, tí ọwọ́ rẹ̀ ti ń gbọ̀n. Ọ̀pá náà kò jókòó gún régé láàárín àwo rẹ̀, ó fì sápá kan díẹ̀. Ìdírísù ní ká tú u ká tún un tò. Mo ní rárá. Mo fì ọrùn náà sápá kan bó ṣe fì. Ọjọ́ méjì gbáko. Ní ọ̀sán yìí ó dákẹ́.

Mo lọ sídìí ọ̀dínátọ̀. Mi ò lè tẹ òdo. Mo pa á, mo lọ sílé.

Àbámẹ́ta, 15

Mẹ́jọ. Gbogbo rẹ̀ pé. Kámíọ́ọ̀nù rì sínú ẹrẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, àwọn ọkùnrin Ikpinlè ló wá tì í. A gúnlẹ̀ ní agogo mọ́kànlá, èèyàn pùrójẹ́ ń wo aago rẹ̀.

Ìyá Àgbékẹ́ rìn láti ẹ̀rọ àkọ́kọ́ dé ìkẹjọ, ó ń fọwọ́ tọ́ wọn. Ó dúró níbi èyí tó fì sápá kan. "Kí ló ṣe ọrùn eléyìí?"

Mo fẹ́ parọ́. Mo ní, "Ọwọ́ Bàbá mi ló wà lórí rẹ̀, Ìyá. Ó ti ń ṣàìsàn nígbà tó ṣe é."

Ó ní kí wọ́n gbé e sí iwájú àtíbàbà, níbi tí òun ti máa máa ṣiṣẹ́. Wọ́n da ẹyìn sínú rẹ̀, ó yí ọ̀pá, epo jáde. Ó yí i ní ìdúró, ẹsẹ̀ rẹ̀ gbẹ.

Àbámẹ́ta, 29

Ìtúnu ààwẹ̀ ti dé tán, Ẹ̀gbọ́n Ìdírísù ò sinmi lórí ọ̀rọ̀ ọdún. Ọjọ́ kíka ni lónìí. Ìyá Àgbékẹ́ ti rán zémì wá ní àárọ̀, ó fi ìgò epo kan rán an, pupa rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó ní kí n gbé e sí ibi tó bá yẹ. Mo gbé e sí ẹsẹ̀ òkúta Ògún, níbi tí àmì orí mẹ́ta náà ṣì wà nínú eruku.

Mo mú káyè.  Mo pè, "Ti Ọ̀gá?"

"Òòlù, méjì," ni Ìdírísù wí. "Ẹ̀mú, mẹ́rin." Ó wò mí, ó dúró.

Mo ní, "Orí, òdo." Mo jókòó sídìí ọ̀dínátọ̀, mo tẹ̀ ẹ́. Ó bi mí bóyá ó dá mi lójú. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Kò tíì tán," ni Ìdírísù wí. Ó fi ìka tọ́ka síbi òkúta náà, òun tí kì í wo apá ibẹ̀. "Epo, ìgò kan."

Ọ̀dínátọ̀ kò ní ibi tí a lè kọ ọ́ sí. Mo kọ ọ́ sínú káyè Bàbá.